Adéwálé inú eré fídíò àti àwọn ará ilẹ̀ wa tí ó rékọjá òkun

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ilé iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé eré fídíò kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Assassin's Creed IV: Black Flag. Eré ìjà ni, ó sì dá lórí àwọn olè ojú òkun ní agbègbè Caraïbes ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Aṣáájú ìtàn náà ni Edward Kenway, ọmọ ilẹ̀ Wales. Ẹnì kejì rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹni tí àwọn atukọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́ ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Adéwálé. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè wa, láti Bantè dé Ìdáàṣà, láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kétu, tí orúkọ yìí yóò ṣe àjèjì sí. Orúkọ ìdílé ọba ni. Ẹni tí adé kò bá sí ní ilé bàbá rẹ̀ kì í déédéé sọ ọmọ rẹ̀ ní Adéwálé.

Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, wọ́n tún gbé àfikún kan jáde fún eré yìí. Àfikún ni mo pe ohun tí àwọn Faransé ń pè ní extension: ìtàn kékeré tí a ń rà lé eré ńlá lórí, tí ó ń tẹ̀síwájú láti ibi tí eré ńlá dúró sí, tàbí tí ó ń gba ọ̀nà mìíràn lọ. Nínú àfikún yìí, Edward kò sí mọ́. Adéwálé fúnra rẹ̀ ni a ń darí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ́n pè é ní Freedom Cry, èyí tí í ṣe igbe òmìnira. Ní èdè Faransé wọ́n pè é ní Le Prix de la liberté, iye tí òmìnira ń náni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa yìí ní èdè méjèèjì yóò rí i pé orúkọ méjèèjì kò sọ ohun kan náà. Ẹni tí ó ń ké igbe kò tí ì ṣírò owó. Ẹni tí ó ń bèèrè iye ti dé ọjà. Èmi rò pé orúkọ ti Faransé ni ó bá eré náà mu jù, nítorí ìdí tí n óò sọ níwájú.

Kí ni ó dé tí mo fi ń sọ̀rọ̀ eré tí ó ti pé ju ọdún mẹ́wàá lọ? Eré tuntun ni ó tún jí ọ̀rọ̀ náà dìde. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Assassin's Creed Shadows jáde, a sì rí adúláwọ̀ mìíràn nínú rẹ̀: Yasuke, ọkùnrin ará Áfíríkà tí ó bá àwọn àlùfáà Jesuit dé Jàpáànù, tí Oda Nobunaga sì gbà sí ọ̀dọ̀ ní 1581. Ẹni gidi ni Yasuke. Àwọn ìwé ìgbà náà dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ ariwo tí àwọn ènìyàn pa lé e lórí pọ̀ ju ti eré náà fúnra rẹ̀ lọ: wọ́n ní adúláwọ̀ kò lè jẹ́ jagunjagun ní Jàpáànù. Ní ti eré náà, ó dára. Yasuke wúwo, ó ń fi èjìká fọ́ ilẹ̀kùn, kò sì lè sá pamọ́. Naoe, obìnrin tí wọ́n jọ pín ìtàn náà, ni ó ń yọ́ rìn. Àfikún rẹ̀, Claws of Awaji, tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí: erékùṣù tuntun ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtijọ́ ni a tún ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń jiyàn lórí Yasuke, ọ̀kan nínú wọn ní, “Mùsíọ̀, Adéwálé ńkọ́? Tiwa ni òun.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ṣé tiwa ni lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ìtàn tí àfikún náà sọ. Ọdún 1735 ni. Adéwálé ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn olè ojú òkun, ó sì ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ àwọn Assassin. Ìjì fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí Saint-Domingue, erékùṣù tí ìlà oòrùn rẹ̀ jẹ́ ti Sípéènì, tí ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ jẹ́ ti Faransé, tí a ń pè ní Háítì lónìí. Òkun gbé e sí èbúté láìsí ohun ìjà, láìsí atukọ̀ kankan. Ó rìn dé Port-au-Prince, ó pàdé obìnrin kan tí ń jẹ́ Bastienne Josèphe, tí ó ní ilé àwọn aṣẹ́wó, tí ó sì ń ran àwọn ẹrú lọ́wọ́ ní bòńkẹ́lẹ́. Ó pàdé Augustin Dieufort pẹ̀lú, olórí àwọn marron, ìyẹn àwọn ẹrú tí ó sá kúrò ní oko olówó wọn lọ sínú igbó àti orí òkè. Ọ̀tá wọn ni gómìnà Faransé, Pierre, Marquis de Fayet.

Àdá ni ohun ìjà pàtàkì tí Adéwálé ń lò, àdá bí irú èyí tí a fi ń ṣán igbó oko iṣu ní Bantè, pẹ̀lú ìbọn ẹlẹ́nu gbàràmù kan. Ohun tí ó yàtọ̀ sí eré ńlá ni pé iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo kò ju kí ó máa dá ènìyàn sílẹ̀ lọ. Ní ojú títì, ó lè gba ẹrú tí wọ́n ń lù lọ́wọ́ ẹni tí ń lù ú. Ní oko ìrèké, ó gbọ́dọ̀ yọ́ wọlé, nítorí bí àwọn alábòójútó bá fura, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ẹrú. Lójú òkun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹ́gun àwọn ọkọ̀ ogun tí ń ṣọ́ ọkọ̀ ẹrú. Bí ó bá fi àgbá lu ọkọ̀ ẹrú náà, àwọn tí ó fẹ́ gbà là gan-an ni yóò kú. Èyí dára gidigidi. Nínú ọ̀pọ̀ eré ìjà, ẹni tí ń ṣeré lè yìnbọn bí ó ti wù ú. Níhìn-ín, ẹ̀rù máa ń bà á kí ó tó nawọ́ sí nǹkan.

Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí n kò mọ ẹni tí ó ṣe é tí kò sinmi díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gómìnà pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ kan tí ó kún fún ẹrú, kí Adéwálé má baà gbà á. Ọkọ̀ náà ń rì. Adéwálé wọ inú rẹ̀, omi ń gòkè, àwọn ènìyàn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní apá ọ̀tún àti apá òsì, kò sì sí bí ẹni tí ń darí rẹ̀ ti lè yára tó tí yóò lè já gbogbo ẹ̀wọ̀n náà. Eré ni, ṣùgbọ́n ó fi ara ènìyàn mọ ohun tí ojú ewé ìwé ìtàn máa ń sọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á gbé e sórí òṣùwọ̀n ìtàn.

Àwọn tí ó kọ ìtàn Adéwálé sọ pé wọ́n bí i ní Trinidad ní nǹkan bí ọdún 1692, nínú oko ẹrú. Ibẹ̀ ni ìṣòro àkọ́kọ́ wà. Ní ìgbà náà, ọwọ́ àwọn ará Sípéènì ni Trinidad wà, erékùṣù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo ni, oko ńlá kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ọdún 1783 ni ọba Sípéènì pàṣẹ tí ó jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Faransé kó ẹrú wọn wá síbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ọmọ ẹrú tí ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá ní Caraïbes ní ọdún 1692, ì bá dára kí wọ́n wá ibòmíràn fún un, bí àpẹẹrẹ àwọn ilẹ̀ Sípéènì mìíràn níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ Lucumí sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Ìṣòro kejì tóbi jù ú lọ. Ìlú Port-au-Prince tí Adéwálé ń sá káàkiri lórí òrùlé rẹ̀ ní 1735 kò tí ì sí. Ọdún 1749 ni àwọn Faransé dá a sílẹ̀, ó sì di olú ìlú ní 1770. Ní 1735, Petit-Goâve, Léogâne àti Cap-Français ni ó lórúkọ. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìtàn kò lè gbójú fo èyí. Mo ti lò ó ní kíláàsì: mo fi àwòrán ìlú inú eré náà hàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo fi ọjọ́ tí wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá àṣìṣe nínú gbogbo eré tí wọ́n ń ṣe, wọn kò sì jẹ́ kí n sinmi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ àròsọ. Marquis de Fayet jẹ́ ẹni gidi. Òun ni gómìnà àgbà Saint-Domingue láti 1732 títí ó fi kú ní 1737. Nínú eré náà Adéwálé ni ó pa á, ọdún tí ó kú sì bá ti ìtàn mu. Louis Godin, onímọ̀ ìràwọ̀ tí a rí nínú eré náà, jẹ́ ẹni gidi pẹ̀lú: ní 1735, òun, Bouguer àti La Condamine ń lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù láti wọn bí ayé ti rí, wọ́n sì dúró ní Saint-Domingue fún oṣù mélòó kan. Code Noir náà kì í ṣe àròsọ. Òfin tí Louis kẹrìnlá fi ọwọ́ sí ní 1685 ni. Abala kejìdínlógójì rẹ̀ sọ pé ẹrú tí ó bá sá fún oṣù kan, kí wọ́n gé etí rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n sì fi irin gbígbóná tẹ òdòdó lílì ọba Faransé sí èjìká rẹ̀ kan. Bí ó bá tún sá, kí wọ́n gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá sá lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n pa á. Àwọn marron tí Augustin Dieufort ń ṣe olórí wọn nínú eré mọ òfin yìí ní ara wọn.

Nǹkan kan wà tí ó wù mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, orin inú rẹ̀ ni. Olivier Deriviere, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ ọ́. Kò fi orin ilé ìtàgé nìkan ṣe é. Ó pe La Troupe Makandal, ẹgbẹ́ onílù Háítì tí ó wà ní New York, kí wọ́n wá lu ìlù Vodou sí i. Orúkọ ẹgbẹ́ náà wá láti orúkọ Makandal, marron tí àwọn Faransé dáná sun ní Cap-Français ní 1758. Ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ dáadáa, tí ó sì ti gbọ́ ìlù ní ìhà Savalou rí, yóò mọ̀ pé ìlù náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí òun. N óò padà sí èyí.

Ní báyìí, èyí tí kò wù mí. Iye àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ máa ń hàn ní ojú ẹ̀rọ bí òǹkà. Nígbà tí òǹkà náà bá tó iye kan, àdá tí ó mú jù ú lọ, àpò ọta tí ó tóbi jù ú lọ, yóò ṣí sílẹ̀ fún wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé orúkọ ti Faransé ni ó bá a mu. Ènìyàn di owó tí a fi ń ra ohun ìjà. Mo ti gbọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sọ pé, “Ó kù mí ní ogún ẹrú,” bí ẹni tí ń ka àgbàdo. Àwọn tí ó ṣe eré náà kò ní èrò búburú lọ́kàn. Ọgbọ́n eré ni ó gbé wọn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò àwọn oníṣòwò ẹrú ní Nantes náà, òǹkà ni.

Àléébù tí ó jinlẹ̀ jù ni pé àwọn tí a ń dá sílẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n ti wá. Ẹrú ni wọ́n, adúláwọ̀ ni wọ́n, ó parí. Nínú ìwé àwọn olóko Saint-Domingue, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí ẹrú bá sá, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ tà á, wọ́n máa ń kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀: Arada, Congo, Ibo, Cotocoli, Tapa, Nago, Mahi. Àwọn méjì tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó kàn wá. Nago ni orúkọ tí àwọn ará Dàhọ̀mì fi ń pe àwa tí ń sọ èdè Yorùbá, tí àwọn Faransé sì gbà lẹ́nu wọn. Àwọn Ìṣà ti Bantè, àwọn Ìdáàṣà, àwọn Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn Kétu, abẹ́ orúkọ yẹn ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Mahi ni àwọn aládùúgbò wa, àwọn tí Gbaguidi ń jọba lé lórí ní Savalou àti àwọn mìíràn tí ó wà káàkiri àárín àwọn òkè.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ọjà? Ìbéèrè tí eré náà kò béèrè nìyí, bẹ́ẹ̀ òun ni ó yẹ kí ọmọ Bantè tí ó mú mànẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kọ́kọ́ béèrè. Ní 1724, Agaja ọba Dàhọ̀mì ṣẹ́gun Allada. Ní 1727, ó ṣẹ́gun ìjọba Ouidah, ó sì dé etí òkun níbi tí àwọn Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Pọtogí ti ní ilé ìṣọ́ tí wọ́n ti ń rajà. Ní àwọn ọdún kan náà, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ń ya lu Dàhọ̀mì láti 1726 títí dé 1730, títí Agaja fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ọba tí òkun wà níwájú rẹ̀, tí Ọ̀yọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń wá ìbọn àti ìbùlù, ibo ni yóò ti rí ènìyàn tà? Òkè ilẹ̀ Mahi ni. Ogun Mahi bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà Agaja, ó ń bá a lọ ní ìgbà Tegbesu, ó sì dé ìgbà Ghézo. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun náà ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìṣà pẹ̀lú. Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe aláìlẹ́bi: láti àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó ń kó ẹrú gba Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì lọ sí òkun.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le ní ẹnu. Ní kíláàsì mi, ọmọ Fọn, ọmọ Mahi àti ọmọ Ìṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bàbá ńlá ọ̀kan lè jẹ́ ẹni tí ó mú bàbá ńlá èkejì. Ìdí mìíràn tún wà tí ó fi le: Savalou kì í ṣe ọ̀tá Abomey ní gbogbo ìgbà, ìgbà ogun wà, ìgbà ìmùlẹ̀ sì wà. Àwọn olùkọ́ kan rò pé kí á fi gbogbo ẹ̀bi lé aláwọ̀ funfun lórí kí àlàáfíà lè wà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Nínú eré náà, gbogbo ènìyàn burúkú jẹ́ Faransé, gbogbo adúláwọ̀ sì jẹ́ ẹni tí a ń fìyà jẹ. Ẹni tí ó ṣe eré ní Kánádà lè dúró síbẹ̀. Àwa tí ó ń gbé ibi tí wọ́n ti kó wọn kò lè dúró síbẹ̀, nítorí orúkọ tí wọ́n fún akọni náà gan-an ń bi wá léèrè. Adé ta ni ó wá sí ilé? Adé ta ni ó sì lé àwọn mìíràn kúrò ní ilé?

Iye àwọn tí wọ́n kó dé Saint-Domingue láti Áfíríkà ní gbogbo ìgbà òwò náà lé ní 700,000. Síbẹ̀ ní 1789, ẹrú tí ó wà láàyè níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 500,000 lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí a bí níbẹ̀. Ìṣirò náà kò nílò àlàyé. Lára àwọn tí ó ṣẹ́kù ni àwọn tí ó dìde ní oṣù kẹjọ ọdún 1791, tí wọ́n sì lé ọmọ ogun Napoléon lọ kí Háítì tó di òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1804.

Ohun tí wọ́n gbé lọ wà níbẹ̀ di òní. Nínú Vodou Háítì, àwọn ẹ̀mí pín sí orílẹ̀-èdè orílẹ̀-èdè, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ Nago. Ògún ni olórí ibẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ogou: Ogou Feray wà, Ogou Badagri wà, Ogou Chango wà. Ẹ̀yin yóò ṣàkíyèsí pé wọ́n ti fi orúkọ ìlú Àgbádárìgì àti orúkọ Ṣàngó ṣe orúkọ Ògún. Ẹni tí ó jìnnà sí ilé máa ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú àpótí kan. Lára ìlù àti ijó wọn, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Mayi. Mahi ni. Nítorí náà, nígbà tí La Troupe Makandal bá ń lu ìlù fún Adéwálé láti máa sá lórí òrùlé, àṣà tí ó rántí orílẹ̀-èdè Mahi ní orúkọ ni ìlù wọn ti jáde. Àwọn tí ó kọ ìtàn inú eré gbàgbé láti sọ ibi tí àwọn ẹrú ti wá. Àwọn onílù kò gbàgbé.

Bràsíl kò yàtọ̀. Nínú Candomblé, àwọn ilé kan wà tí ń pe orílẹ̀-èdè wọn ní Jeje Mahi, àwọn mìíràn sì ń pè é ní Jeje Savalu. Orúkọ Savalou gan-an ni, ó ti lé ní igba ọdún lẹ́yìn òkun. Nàná Bùrúkú, tí a mọ ojúbọ rẹ̀ ní Doumè, ní agbègbè Savalou, ni wọ́n ń pè ní Nanã níbẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ eré kan bá sì fẹ́ akọni ní tòótọ́ fún ọdún 1735, kò yẹ kí wọ́n dá a sílẹ̀ láti inú èrò. Ẹnì kan wà. Orúkọ tí àwọn Pọtogí fún un ni Domingos Álvares. Ní nǹkan bí 1710 ni a bí i, ní ìletò kan tí ó pè ní Naogon, ní ilẹ̀ Mahi. James Sweet, onímọ̀ ìtàn ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní 2011, nítorí ìwé ẹjọ́ rẹ̀ wà ní Lisbon títí di òní. Nígbà tí àwọn adájọ́ ìjọ Àgùdà bi í léèrè àwọn òbí rẹ̀, ó dárúkọ wọn, akọ̀wé sì kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ: Afnage àti Oconon. Sweet gbà pé orúkọ oyè àwọn olùsìn Sakpata, tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná, ni ó wà lábẹ́ àkọsílẹ̀ wọ̀nyí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a mọ ìdí tí ogun Agaja fi gbé ọmọ wọn lọ: ọba kì í fẹ́ràn àwọn tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ju òun lọ nígbà tí ìgbóná bá wọ ìlú.

Domingos kò sí ní Saint-Domingue. Pernambuco ni wọ́n gbé e dé, sí oko ìrèké. Kò gbé idà, kò sì rì ọkọ̀ kankan. Ó ń fi ewé, egbò igi àti ìmọ̀ tí ó gbé kúrò nílé wo àwọn tí ó ṣàìsàn. Àwọn olówó rẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n rò pé májèlé ni ó ń ṣe, wọ́n sì tà á lọ sí Rio de Janeiro. Ibẹ̀ ni ó ti gba òmìnira rẹ̀, tí ó sì kó àwọn ènìyàn jọ sí ọ̀dọ̀, adúláwọ̀ àti aláwọ̀ funfun, tí wọ́n ń wá ìwòsàn. Ní 1742, wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e kọjá òkun lẹ́ẹ̀kejì, sí ẹ̀wọ̀n Inquisition ní Lisbon. Ní 1744, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì lé e lọ sí Castro Marim, ní òpin gúúsù ilẹ̀ Pọtogí. Kò dúró síbẹ̀. Ó ń rìn láti ìletò dé ìletò, ó ń wo àwọn àgbẹ̀ Pọtogí sàn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wo àwọn ẹrú ní Bràsíl.

Bí mo bá fi Domingos wé Adéwálé, n kò sọ pé eré kò gbọdọ̀ ní ìjà. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ìjà inú eré. Ṣùgbọ́n ìwòsàn náà lè jẹ́ eré: ẹni tí ń ṣeré yóò mọ ewé, yóò mọ ẹni tí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé, yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́ níwájú olówó. Àwọn ọmọ Áfíríkà kan ti ń gbìyànjú. Ní 2016, ilé iṣẹ́ Kiro'o Games ti Yaoundé ní Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde, eré ìjà tí a dá láti inú ìtàn àti àṣà ilẹ̀ wa; ìjà rẹ̀ yára, àwòrán rẹ̀ wuni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn díẹ̀ jù fún mi. Ní 2024, Tales of Kenzera: Zau jáde, ìtàn ọ̀dọ́ babaláwo kan láti inú àṣà àwọn Bantu, tí ń wá bàbá rẹ̀ tí ó kú, ọ̀fọ̀ ni gbogbo eré náà, ó sì fi ọwọ́ tó ènìyàn lọ́kàn. Ní 2021, Age of Empires III gba àfikún kan tí ń jẹ́ The African Royals: Haúsá àti Etiópíà jẹ́ ìjọba níbẹ̀, Yorùbá kò ju ìletò kékeré tí a lè bá ṣe ìmùlẹ̀ lọ. Ọ̀yọ́ tí ó mú Dàhọ̀mì sìn ín ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún! Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, n kò ṣe é mọ́.

Lẹ́yìn tí mo sọ ìtàn Domingos ní kíláàsì, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè bóyá orúkọ ẹnikẹ́ni wà tí wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n bá ń ki ìdílé, tí a kò mọ ibojì rẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn mú orúkọ wá. Méjì wá láti Bantè, ọ̀kan láti Gouka, ọ̀kan láti Savalou. A kọ wọ́n sínú ìwé kan tí ó wà ní àpótí kíláàsì, pẹ̀lú orúkọ Afnage àti Oconon ní ojú ewé àkọ́kọ́.

Ní 1749, Inquisition tún dá Domingos lẹ́bi, wọ́n sì ní kí ó lọ gbé ọdún mẹ́rin ní Bragança, ní àríwá ilẹ̀ Pọtogí, níbi tí òtútù ti ń mú jù. Ìdájọ́ yẹn ni ìwé tí ó gbẹ̀yìn lórí rẹ̀. Ọdún kan náà ni àwọn Faransé dá Port-au-Prince sílẹ̀.